Èsì: Ìyàwó mi ọmọ Oǹdó kì í fi "ẹ" bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀
Kì í ṣe àfojúdi ni ìyàwó rẹ ń ṣe sí bàbá rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Nínú ẹ̀ka èdè Oǹdó, bí wọ́n ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń bá àgbà sọ̀rọ̀. "Ẹ" tí àwa ará Ọ̀yọ́ fi ń wọn ẹ̀kọ́ ilé kò sí níbẹ̀. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ni kó o máa wò. (Èmi náà bínú lọ́jọ́ tí àbúrò ìyàwó mi kọ́kọ́ "o" mí. Ojú tì mí nígbà tó yá.)

Àmọ́ bó bá jẹ́ èdè Oǹdó ni wọ́n ń sọ o. Tó bá ń fi Yorùbá àjùmọ̀lò bá ìyá tìẹ sọ̀rọ̀, "ẹ" di dandan.