Egbò àyà tí ò jinná lẹ́yìn redieṣọ̀n

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ dókítà. Wọ́n gé ọmú òsì màmá mi lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn torí jẹjẹrẹ, màmá sì gba redieṣọ̀n, ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ. Lọ́dún tó kọjá egbò yọ níbẹ̀, wọ́n bó awọ itan wọn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi jẹrà. Wọ́n tún ní ká wá lẹ òmíì. Ṣé ká gbà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Èmi ò ní gbà. Awọ tí wọ́n bó ò ní ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀, ibi tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ló ti máa fa ẹ̀jẹ̀ mu kó tó lè yè, bẹ́ẹ̀ redieṣọ̀n tó pa jẹjẹrẹ yẹn náà ló ń dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀, kì í sì í dí wọn lọ́jọ́ kan, ó lè máa bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn legbò ṣe ń yọ nígbà tẹ́ ẹ ti rò pé ó ti parí. Ẹran tuntun tó máa gbé ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ wá ni màmá nílò.

Àmọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kí wọ́n gé díẹ̀ létí egbò yẹn lọ sí láàbù o, torí jẹjẹrẹ tó padà wá lè jọ egbò redieṣọ̀n gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fo ìyẹn. Kí wọ́n ṣe CT scan, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, náà, eegun ìhà lè ti kú lábẹ́ ẹ̀.

Tí ò bá sí jẹjẹrẹ, wọ́n á gé gbogbo ẹran tó ti kú kúrò títí wọ́n á fi kan ibi tẹ́jẹ̀ ti ń ṣàn dáadáa, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà, torí tí wọ́n bá ṣẹ́ díẹ̀ kù, egbò á tún là. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á wá yọ ẹran pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn, nísàlẹ̀ abíyá, tòun tawọ orí ẹ̀, wọn ò ní gé iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n á kàn gba abẹ́ abíyá fà á wá síwájú àyà. Kì í ṣe nǹkan tuntun, Tansini, dókítà oníṣẹ́ abẹ ará Ítálì, ti kọ nípa ẹ̀ ní 1906. Tí wọ́n bá ti gé iṣan yẹn nígbà tí wọ́n ń yọ kókó abíyá màmá, wọ́n lè lo ẹran ikùn, àmọ́ ọpereṣọ̀n ìyẹn máa ń pẹ́ jù.

Dókítà plastic surgery, àwọn tó ń tún awọ àti ẹran ara ṣe, ni kẹ́ ẹ lọ bá, kẹ́ ẹ mú ìwé ọpereṣọ̀n àkọ́kọ́ àti ìwé redieṣọ̀n dání. Kí màmá máa jẹ ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà dáadáa, kí wọ́n ṣọ́ ṣúgà wọn tí wọ́n bá ní in, ẹ má sì da ẹfun tàbí spirit sójú egbò yẹn.