Páúdà kótìn lára kéèsì kọ̀ǹpútà: ìdáhùn sí ìbéèrè kan láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe. Kéèsì onírin kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ sọ di tuntun fún oníbàárà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi ọ̀dà inú agolo kùn ún, kò sì pẹ́ tó fi ń ṣí létí. Wọ́n ní páúdà kótìn (ọ̀dà oníyẹ̀fun tí wọ́n ń fọ́n sára irin, tí wọ́n sì ń yan nínú ófùn) ni kí n ṣe. Ṣé kéèsì kọ̀ǹpútà ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀? Alábúrẹ́dì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ní ófùn ńlá, ṣé mo lè bẹ̀ ẹ́ kí n fi yan án? Kí sì ni kí n ṣọ́ra fún?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kéèsì yín ṣe é ṣe dáadáa, níwọ̀n ìgbà tó bá ti jẹ́ irin tàbí alumíníọ̀mù. Ti alábúrẹ́dì yẹn ni kí n kọ́kọ́ dáhùn: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Ooru ófùn rẹ̀ tó, ṣùgbọ́n páúdà tó ń yọ́ máa ń tú èéfín, èéfín náà á lẹ̀ mọ́ ògiri ófùn, orí búrẹ́dì tí àwọn ọmọ àdúgbò ń jẹ ni yóò sì padà bọ́ sí. Ófùn tí a bá ti yan ọ̀dà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́ láéláé. Bó bá tún jẹ́ ti igi tàbí ti gáàsì, páúdà tó gbọ̀n dànù sínú afẹ́fẹ́ lè gbiná lójijì níbẹ̀. Ófùn tó ń lo iná mànàmáná, tí a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀dà nìkan, ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gbé fífọ́n àti yíyan fún àwọn tó ń fi páúdà kun fèrèsé alumíníọ̀mù àti géètì. Ṣùgbọ́n títú u, fífọ̀ ọ́, àti dídí àwọn ibi tí ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ dé, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ ṣe é. Ẹni tó ń kun géètì kò mọ ohun tí motherboard (bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà) ń fẹ́. Iṣẹ́ páúdà kì í sábà bàjẹ́ lẹ́nu ìbọn tí wọ́n fi ń fọ́n ọn. Ibi ìfọ̀ ló ti máa ń bàjẹ́ kó tó débẹ̀.

Ohun tó sì jọ pé ó ṣe ti àkọ́kọ́ yín nìyẹn. Ọ̀pọ̀ kéèsì ni wọ́n fi irin tí síǹkì bò ṣe. Ojú síǹkì ń dán, kì í di ọ̀dà mú bí a kò bá ha á. Ọ̀dà agolo kàn gbẹ lé e lórí ni. Páúdà kò ní tínà nínú, ìyẹ̀fun gbígbẹ ni. Ìbọn yóò fi iná mànàmáná sí i lára, kéèsì á wà lórí ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó ń gbé iná wọlẹ̀), páúdà á sì fò mọ́ irin bí eruku ṣe ń lẹ̀ mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Inú ófùn ló ti máa yọ́, tí yóò ṣàn pọ̀, tí yóò sì le di awọ kan ṣoṣo. Awọ náà kì í sábà ju 60 sí 80 micron lọ (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), kò nípọn tó ìwé fọ́tòkọ́pì kan.

Ẹ tú gbogbo ohun tí kì í ṣe irin kúrò: ike iwájú, rọ́bà ẹsẹ̀, wáyà bọ́tìnnì, ojú USB, fáànù, àsẹ́ eruku. Ike kan tí ẹ bá gbàgbé sínú yóò yọ́ sára iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀dà dé abẹ́ àwọn pákó irin tí wọ́n fi rífẹ́ẹ̀tì so pọ̀, ẹ fi bíìtì dírílì 3.2 mm lu orí rífẹ́ẹ̀tì náà títí orí yóò fi já, kí ẹ wá ti ìyókù jáde. Bíìtì tó bá tóbi jù á mú kí ihò gbòòrò, rífẹ́ẹ̀tì tuntun kò sì ní dì mú. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó tú u. Àwọn òpó idẹ kéékèèké tí motherboard ń jókòó lé, ẹ tú gbogbo wọn, ẹ kà wọ́n sínú ọ̀rá.

Ọ̀dà agolo yẹn gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá. Bí díẹ̀ bá kù, inú ooru 200°C ni yóò ti wú bí ibi tí iná jó lára ènìyàn. Kẹ́míkà tó ń ṣí ọ̀dà ló dára jù. Àwọn kan á ní kí wọ́n fi iyanrìn fẹ́ ẹ. Irin kéèsì kì í sábà nípọn ju 1 mm lọ, bí afẹ́fẹ́ bá le jù, pákó ẹ̀gbẹ́ á lọ́ pọ̀, kò sì ní tọ́ mọ́. Iyanrìn tún máa ń kó síǹkì lọ, irin lásán á sì kù tí yóò tètè dípẹtà. Lẹ́yìn tí ọ̀dà bá ti ṣí, sándípépà 220 sí 320 tó láti ha ojú rẹ̀. Ibi tó bá ti tẹ̀ wọnú, òòlù ni kí ẹ fi lù ú jáde. Ẹ má lo fílà tí àwọn pánẹ́ẹ̀bítà fi ń dí ibi tó tẹ̀ lára ọkọ̀: kì í gbé iná, páúdà kò ní fò mọ́ ọn, ooru á sì là á.

Ìfọ̀ wá kàn. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ tó ń gé òróró fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án dáadáa. Ẹ wá da omi mímọ́ lé e, kí ẹ sì wò ó. Bí omi bá tẹ́ lọ bí aṣọ, tí kò já, ó mọ́. Bó bá ń ká jọ bí omi orí ewé kókò, òróró ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tún un fọ̀. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ fi aṣọ funfun tí ẹ fi acetone díẹ̀ rin nu ún, kí ẹ má sì fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́. Ọ̀rá ọwọ́ tó láti bà á jẹ́. Ohun tó burú jù ni èròjà tí wọ́n ń fọ́n sí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ láti mú un dán: díẹ̀ tó bá fò dé ara irin, páúdà á sá fún ibẹ̀, á sì da ihò róbótó-róbótó sílẹ̀. Lásìkò òjò ní Èkìtì, irin lásán tí ẹ fọ̀ láàárọ̀ lè ti ní ìpẹtà kó tó dalẹ́, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ bá fọ̀ ọ́ ni kí wọ́n kùn ún. Bí ilé iṣẹ́ ọ̀hún bá ní omi phosphate, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ rì í sínú rẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ọ̀dà dì mú, ó sì ń dènà ìpẹtà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù rèé. Páúdà tó ti jinná kì í jẹ́ kí iná kọjá, bẹ́ẹ̀ ara irin sí irin ni ẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà ń gbà. Bí ẹ bá kun ibi gbogbo, kéèsì lè má rí ẹ́ẹ̀tì mọ́: á máa ta ènìyàn lọ́wọ́, spíkà á máa kùn, bí wáyà kan bá sì bó kan irin, fíúsì lè má já. Ẹ dí ìsàlẹ̀ àwọn òpó idẹ, ibi tí power supply (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) ń fara kan, àti ẹnu ẹ̀yìn tí irin káàdì àti irin ojú motherboard ń kàn. Tépù polyester aláwọ̀ ewé tó ń fara da ooru ni kí ẹ lò. Tépù bébà á jó, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ irin. Fún ihò síkúrù, rọ́bà silicone ni kí ẹ fi dí i. Síkúrù power supply àti ti káàdì ẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́ ìwọ̀n 6-32, ti SSD (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí) jẹ́ ìwọ̀n M3. Bí ọ̀dà bá ṣèèṣì wọnú ihò, táàpù (irin tí wọ́n fi ń gé ìlà síkúrù sínú ihò) tó bá a mu ni kí ẹ fi ṣí i, ẹ má fipá yí síkúrù wọ ọ́.

Ẹ tún wo etí pákó ẹ̀gbẹ́ tó ń yọ wọnú ìlà. Ojú méjì ni etí náà ní, ojú méjì ni ìlà náà ní. Bí gbogbo rẹ̀ bá gba 70 micron, àyè tó fún á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.3 mm. Pákó náà kò ní wọlé mọ́, tàbí kó máa ha ọ̀dà tuntun dànù. Ẹ dí ọ̀kan nínú méjèèjì.

Kéèsì àárín, tí a bá ka inú àti ìta, tó nǹkan bíi 2 m². Kílò kan páúdà á kun bíi 9 m² bí kò bá sí ìfiṣòfò, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì máa ń bọ́ sílẹ̀. Nítorí náà ìdajì kílò tó. Ẹ ra kílò kan kí ẹ lè rí èyí tí ẹ ó fi tún un ṣe. Irú páúdà tó ń jẹ́ polyester ni kí ẹ béèrè. Irú tó ń jẹ́ epoxy máa ń ṣá lójú oòrùn, ojú rẹ̀ á sì dà bíi ti ẹfun. Bí ẹ bá ní kí n yàn, èyí tí ojú rẹ̀ rí sákasàka, tí kò dán, ni mo fara mọ́: ó ń bo ojú òòlù mọ́lẹ̀. Dúdú tó ń dán á fi gbogbo rẹ̀ hàn.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń kùn ún pé kó kọ́kọ́ fi irin náà sínú ófùn ní 210 sí 220°C fún ogún ìṣẹ́jú kó tó fọ́n páúdà, kí afẹ́fẹ́ tó wà nínú síǹkì lè jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ihò wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́ á kún ojú iṣẹ́. Ìkọ́ tó fi so ó rọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irin lásán níbi tó ti kan kéèsì, torí ibẹ̀ ni ẹ́ẹ̀tì ń gbà. Páúdà kì í fẹ́ wọ kọ̀rọ̀ inú kéèsì: kó sọ iná ìbọn kalẹ̀ sí nǹkan bíi 40 kV (kílófóltì), kó dín afẹ́fẹ́ kù, kó kọ́kọ́ ṣe kọ̀rọ̀, kó tó gbé e padà sí 60 tàbí 80 fún ojú pẹrẹsẹ. Lásìkò òjò, kó máa tú omi inú kọ̀mpírẹ́sọ̀, kó sì sẹ́ páúdà tó bá ti dì.

Ní ti yíyan, ẹ tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára páálí páúdà. Ọ̀pọ̀ polyester ń gba 200°C fún ìṣẹ́jú 10, tàbí 180°C fún 15 sí 20. Ooru irin ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́ inú ófùn. Ìgbà tí irin bá ti gbóná dé ibẹ̀ ni kí wọ́n tó máa kà á. Ẹ bi wọ́n bóyá jẹnẹrétọ̀ wọn lè gbé ófùn náà. Bí iná bá lọ láàárín, ọ̀dà tí kò jinná máa ń dán lójú bí èyí tó jinná, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá gbá a, á fọ́ kúrò. Tó bá tutù, ẹ fi òwú tí ẹ rì sínú oje tí wọ́n fi ń pa kùtẹ́ẹ̀sì rẹ́ ra ibi kọ́lọ́fín kan. Bó bá kàn ṣá díẹ̀, kò sí wàhálà; bí àwọ̀ bá ń bọ́ wá sára òwú gan-an, ẹ dá a padà sí ófùn.

Ẹ fi rífẹ́ẹ̀tì 3.2 mm tuntun so ó pọ̀, ẹ dá àwọn òpó idẹ padà. Kí motherboard tó wọlé, ẹ gbé mítà, ẹ fi ẹnu kan sí ibi tí power supply ń kàn, ẹ fi ìkejì sórí òpó idẹ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ju 1 ohm (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná) lọ níbì kan, ẹ ha ìsàlẹ̀ òpó yẹn títí irin yóò fi hàn, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.