Níní agbára láìsí irin gbígbé

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá ènìyàn lè ní agbára gidi nípa fífi ọwọ́ kan ti èkejì, kí iṣan le láìjẹ́ pé oríkèé mì, láìsan owó ilé ìdárayá: ó ṣeé ṣe. Èmi tí mò ń wa ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn, tí n kì í sùn sí ojú kan, òun ni mo gbára lé. Àmọ́ ó ní ààlà, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Alexander Zass, alágbára ará Rọ́ṣíà tí wọ́n mú nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, a máa fa ẹ̀wọ̀n àti irin tí kò mì kí agbára rẹ̀ má baà ṣá ní àhámọ́. Ní 1953, àwọn olùwádìí Hettinger àti Müller ní Jámánì sọ pé kí ènìyàn fún iṣan fún ìṣẹ́jú àáyá 6 péré lóòjọ́, pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀, ti tó. Àwọn tí ó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wọn kò rí èrè tó bẹ́ẹ̀. Èmi máa ń lò tó ìṣẹ́jú àáyá 10, mo sì máa ń fi díẹ̀díẹ̀ fún un kí n tó fi gbogbo agbára sí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í sọ ni pé ibi tí oríkèé bá tẹ̀ dé nígbà tí ẹ ń fún iṣan ni agbára náà ń pọ̀ sí jù. Ẹni tí ó ń tẹ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ dé ìdajì nìkan lè le níbẹ̀ bí òkúta, kí àpò ìrẹsì tí ó fẹ́ gbé láti ilẹ̀, níbi tí apá ti nà tán, sì máa wọ̀ ọ́ lọ́rùn síbẹ̀. Nítorí náà, ipò mẹ́ta ni kí ẹ lò: kí apá fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán, kí ó tẹ̀ dé ìdajì, kí ó sì ká. Bí àyè kò bá sí, ẹ mú èyí tí iṣan ti nà jù, nítorí agbára ibẹ̀ ni ó ń ràn dé àwọn ipò yòókù jù.

Ọwọ́ kò lè dá itan dúró. Ògiri ni ẹ óò fẹ̀yìn tì, kí ẹ jókòó láìsí àga. Fún ẹ̀yìn àti apá, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀já mọ́lẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á sókè. Ọ̀já tí a fi ń pọn ọmọ kì í tètè ya.

Ẹ má ṣe sé èémí rárá, nítorí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ máa ń ga sókè lójijì. Kíka nọ́ńbà sókè ketekete ni kì í jẹ́ kí èémí há. Lóòótọ́, ìtúpalẹ̀ ìwádìí tí British Journal of Sports Medicine tẹ̀ jáde ní 2023 fi hàn pé irú eré yìí, pàápàá ìjókòó ara ògiri, ń dín ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kù nígbà ìsinmi. Síbẹ̀, kí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́kọ́ rí dókítà.

Àbùkù tí ó bí mi nínú jù ni pé kò sí irin tí ẹ óò fi mọ̀ bóyá ẹ ń tẹ̀ síwájú. Òṣùwọ̀n tí a ń gun láti mọ bí a ti wúwo tó ni mo fi yanjú rẹ̀: mo gbé e sí àárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì níwájú àyà, mo fún un, mo sì kọ nọ́ńbà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ dé sílẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá ń wálẹ̀ léraléra, ẹ fi apá náà sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ tó padà sí i.