Ta ni Jésù kú fún gan-an?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní bó bá jẹ́ gbogbo ayé ni Jésù kú fún, ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá ṣòfò lórí àwọn tí kò gbà á gbọ́ ni? Ọ̀rọ̀ yìí ti da ilẹ̀ Netherlands rú rí. Ní 1610, lẹ́yìn ikú Arminius, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn kan níbẹ̀, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ènìyàn ni Kristi kú fún, àmọ́ onígbàgbọ́ nìkan ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ìpàdé àwọn aṣáájú ìjọ ní ìlú Dordrecht (1618 sí 1619) ta kò wọ́n. Ìpàdé yẹn ò sọ pé ikú Jésù kéré o! Wọ́n ní ó tó, ó ṣẹ́ kù, fún ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ayé. Àmọ́ àwọn àyànfẹ́ rẹ̀ nìkan ni Ọlọ́run pinnu pé kí ikú náà gbà là.

Jòhánù 10:15 ni àwọn tó fara mọ́ ìpàdé yẹn máa ń dì mú: àgùntàn ló kú fún. Èmi (inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó gbà pé gbogbo ènìyàn ni Kristi kú fún, ni mo dàgbà sí, ẹ má bínú) ò lè fo 1 Jòhánù 2:2, tó ní Jésù ni ètùtù fún ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ayé. Wọ́n á ní "gbogbo ayé" ibẹ̀ ò ju Júù àti Kèfèrí tó gbàgbọ́ lọ. Ẹ wá ṣí 5:19 nínú ìwé kan náà: "gbogbo ayé" tó wà lọ́wọ́ ẹni ibi ńkọ́, ṣé àwọn onígbàgbọ́ náà nìyẹn?