Kí ló dé tí àwọn àgbà kì í jẹ́ kí ayálégbé gbin igi sínú ọgbà ilé?

Ìbéèrè tó wá ni pé ayálégbé kan fẹ́ gbin àgbọn sẹ́yìn ilé, ni bàbá àgbà bá yarí. Ó ní, "Ẹ̀fọ́ ni kó gbìn, kò gbọdọ̀ gbin igi." Ṣé ahun ni bàbá ń ṣe ni?

Rárá o, bàbá mọ ohun tó ń sọ. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó gbin igi ló ni igi, bí kò bá tiẹ̀ ni ilẹ̀. Oṣù díẹ̀ ni ti àgbàdo àti ẹ̀fọ́. A ó kórè wọn, ilẹ̀ á sì padà sọ́wọ́ onílẹ̀. Àmọ́ obì, ọ̀pẹ, àgbọn àti kòkó á so fún ọmọ, á so fún ọmọ-ọmọ. Ìdí nìyí tí àlejò tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí à ń san fún onílẹ̀ nítorí ilẹ̀ rẹ̀ tí à ń lò, kì í fi í gbin igi láìgbàṣẹ lẹ́nu onílẹ̀. Bó bá gbìn ín láìsọ, ó ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 pàápàá sọ pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀, kó san owó ohun ọ̀gbìn orí rẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Igi tún máa ń jẹ́rìí. Pèrègún ni àwọn baba wa fi ń pààlà, torí bí a bá gé ẹ̀ka rẹ̀ tí a rì í mọ́lẹ̀, á hù, ẹ̀ẹ̀rùn kì í sì í tètè pa á. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá délẹ̀, wọn ò ní pẹ́ béèrè pé, "Ta ló gbin igi wọ̀nyí?" Akòko ní tiẹ̀, ewé rẹ̀ ni a fi ń joyè, ìdílé tó bá ní in lágbàlá kì í fi ṣeré. Ẹ sáà wo iye àdúgbò tó ń jórúkọ igi: Ìdí-Ìrókò lẹ́nu bodè, Ìdí-Ayùnrẹ́ n'Íbàdàn, Ìdí-Mángòrò l'Ékòó.

Èso tó bá já bọ́ nìkan ni kò sẹ́ni tó ń bá ọmọdé du, ó kéré tán nílé tiwa. Agbálùmọ̀ ńlá kan wà létí kànga, a kì í ká a, àfi kó bọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa la ti ń wá a kiri nínú ewé gbígbẹ. A ó mu omi rẹ̀ tán, oje funfun á lẹ̀ mọ́ wa létè, a ó wá máa jẹ èèpo rẹ̀ lẹ́nu títí yóò fi le bíi ṣingọ́ọ̀mù. Kóró rẹ̀ tó ń dán la fi ń ta ayò. Ọmọ ayálégbé àti ọmọ onílé, ọgbọọgba ni gbogbo wa lábẹ́ igi yẹn, inú mi sì ń dùn sí i títí dòní.

Nítorí náà, ẹ má bínú sí bàbá. Ata, ewédú àti tẹ̀tẹ̀ ò lẹ́jọ́ nínú. Bó bá jẹ́ àgbọn náà ló wu ayálégbé yín ṣáá, kí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín níṣojú ẹlẹ́rìí: ilé ló ni igi, kí ayálégbé sì máa mu omi rẹ̀ títí yóò fi kó lọ.