Má tíì pa ìwé àlá rẹ tì

Àbúrò, o ní ìwé àti bírò ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ láti oṣù tó kọjá, "mo lá àlá, mo ti gbàgbé" nìkan ló kún inú rẹ̀, o wá ń bèèrè bóyá kí o jù ú nù, kí o ṣáà máa gbìyànjú láti mọ̀ lójú àlá pé àlá ni. Má tíì jù ú nù. Ẹni tí kì í rántí àlá, bó bá tilẹ̀ mọ̀ lóru pé àlá lòun ń lá, bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní rántí pé òun mọ̀.

Bí o bá ti lajú, má mira. Má yíjú, má wo fóònù, má tíì dá ẹni tó ń kí ọ káàárọ̀ lóhùn. Bi ara rẹ pé, "Ibo ni mo ti ń bọ̀? Ta ni mo bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?" Ìparí àlá ló máa ń kọ́kọ́ wá, òun ni yóò fa ìyókù jáde. Ìgbà yẹn ni kí o tó na ọwọ́ sí bírò, má sì wá gbólóhùn tó dán mọ́rán. "Ìyá àgbà, kànga, omi pupa, ẹ̀rù" ti tó. Bí kò bá sí nǹkan kan, kọ bí inú rẹ ṣe rí.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Oorun máa ń yí po ní bí ìṣẹ́jú 90, apá tí ẹyinjú ti ń sáré síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ ìpéǹpéjú ni àlá ti máa ń hàn kedere jù, ó sì máa ń gùn sí i bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ bọ̀. Ládúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, àsìkò yẹn gan-an ni ládàánì máa ń pe ìrun. Àwọn kan ń kùn, èmi ń dúpẹ́, nítorí álámù fóònù, o ní láti na ọwọ́ kí o tó pa á, ibẹ̀ sì ni àlá ti ń sá lọ.

Ọ̀pọ̀ ló ń kọ, tí wọn kì í kà á. Inú kíkà gan-an ni iṣẹ́ wà. Lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń fi bírò pupa fa ilà sábẹ́ ohun tó bá ń padà wá. Tèmi, ọ̀kadà ni: yóò gbé mi láti Tákíè lọ sílé, kì í dún, ọlọ́kadà kì í sì í gba owó. Níbo lo ti rí irú rẹ̀ rí? Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gun ọ̀kadà lójú ayé, màá di imú, màá gbìyànjú láti mí, kí n fi mọ̀ bóyá àlá ni: lójú ayé, èémí kò ní wọlé. Ó wá di àṣà. Lóru ọjọ́ kan, mo wà lórí èyí tí kì í dún, mo di imú, atẹ́gùn ń wọlé wẹ́rẹ́. Mo wo pátákó ṣọ́ọ̀bù kan, mo gbójú kúrò, mo tún wò ó, orúkọ ara rẹ̀ ti di òmíràn. Inú mi dùn débi pé mo jí! Bó bá ṣe ìwọ náà bẹ́ẹ̀, fi àtẹ́lẹwọ́ ra àtẹ́lẹwọ́ lójú àlá kí ó má baà tètè já.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni pé èèyàn lè mọ̀ lójú àlá pé àlá ni, ní 1975, ní Yunifásítì Hull nílùú Ọba, Alan Worsley fi ẹyinjú ṣe àmì láti ojú àlá, àmì tí òun àti Keith Hearne tó ń ṣe ìwádìí náà ti jọ fẹnu kò lé lórí, ẹ̀rọ sì ń fi hàn pé ó sùn. Ojú ló lò nítorí pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ nínú irú oorun yẹn. Ohun kan náà ló ń fa ogun òru: o ti jí, ara ò tíì jí. Mí jẹ́jẹ́, gbìyànjú láti mi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ kan, á kọjá.

Ní ti màmá yín tó ní kíkọ àlá burúkú sílẹ̀ ló ń mú un ṣẹ, má bá wọn jiyàn. Màmá tèmi, bí wọ́n bá gbọ́ pé mo jẹun lójú àlá, ààwẹ̀ ni! Inú àpò ìrọ̀rí ni ìwé mi ń gbé. Bí àlá tó ń dẹ́rù bà ọ́ bá wá ń ṣe lemọ́lemọ́, tí oorun rẹ sì ń dín kù, gbé ìwé náà jù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ìdánwò ń bẹ lọ́la, má kọ nǹkan kan, sùn.