Wọ́n ní ọmọ inú mi ti tóbi jù, ṣé dandan ni ọpurésọ̀n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí nọ́ọ̀sì. Oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ 37, ọmọ kejì nìyí. Sikáànì tí mo ṣe lánàá ní ọmọ ti tó kílò 4.2, mi ò rí oorun sùn látìgbà náà. Kílò 3.4 ni àkọ́bí mi, wẹ́rẹ́ ni mo sì bí i. Ṣé mo ṣì lè bí èyí fúnra mi?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Wọn ò gbé ọmọ yẹn sórí ìwọ̀n o, orí ẹ̀, ikùn ẹ̀ àti egungun itan ẹ̀ ni ẹ̀rọ wọ̀n tó fi ṣírò, ó sì lè fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ṣì í tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí 4.2 yẹn wá jẹ́ 3.8 lọ́jọ́ ìbí, tàbí kó lé ní 4.6.

Ohun tí èmi fẹ́ mọ̀ ni bóyá wọ́n ti yẹ ṣúgà yín wò. Ọmọ lè tóbi torí pé bàbá àti ìyá ẹ̀ síngbọnlẹ̀, tàbí torí pé ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ti kọjá, ọmọ kejì náà sì sábà máa ń wúwo ju àkọ́bí lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ ṣúgà ló fà á, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, torí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín á máa gba ibi ọmọ kọjá sí i lára, òun náà á wá máa pèsè insulin (èròjà tó ń bá ara lo ṣúgà) rẹpẹtẹ, á sanra láyà àti léjìká ju orí lọ, ìyẹn ló ń bà wá lẹ́rù, pé kí orí jáde kí èjìká há.

Tí ṣúgà yín bá dáa, ọ̀pọ̀ dókítà ò ní torí ìwọ̀n nìkan sọ̀rọ̀ ọpurésọ̀n àfi tó bá ń lọ sí kílò 5, tí ṣúgà bá wà, 4.5. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bímọ lójú ara rí, àǹfààní ńlá nìyẹn. Ẹ má sì febi pa ara yín torí kí ọmọ lè kéré, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ má bí i sílé o. Ilé ìwòsàn tó ní tíátà tó sì ní ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Tí èjìká bá há, a máa ní kẹ́ ẹ dáwọ́ títì dúró, ẹni méjì á gbé orúnkún yín méjèèjì wá sí àyà, ẹlòmíì á tẹ òkè egungun abẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà lèjìká á yọ, ṣùgbọ́n èèyàn kan ò lè dá a ṣe, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n á sì máa fa ọrùn ọmọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iṣan apá ti ń fara pa. Ilé ọmọ tó ti fẹ̀ gan-an tún lè má tètè sún kì, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà, ìdí tí wọ́n fi máa fún yín lábẹ́rẹ́ nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ti bí i, kí wákàtí kan tó pé, ẹ ti fún un lọ́mú, torí ṣúgà tiẹ̀ lè já wálẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ní gìgísẹ̀ ẹ̀ wò. Tí ara ẹ̀ bá ń gbọ̀n tàbí tó kàn ń sùn tí ò mu ọmú, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró kó tó yí dé ọ̀dọ̀ yín.